Bí Búùtù Sójà Ṣe Ń Di Bàtà Ẹlẹ́ṣin

Òórùn gọ́ọ̀mù ló ń kí àlejò kí ọ̀gá tó kí i. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Yàrá kan péré ni, páànù ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀, àmọ́ bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, búùtù á kún ibẹ̀ débi pé ìjókòó á wọ́n. Búùtù sójà ló pọ̀ jù, òkìríkà tó ti òkè òkun wá. Òmíràn jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, tó ní irin níwájú. Òmíràn jẹ́ èyí tí bàbá ẹnìkan fi sílẹ̀ lọ, tí awọ rẹ̀ ti gan lórí àjà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn bá wá: kí ọ̀gá sọ wọ́n di bàtà tí ènìyàn lè wọ̀ gun ẹṣin lọ sí ojúde Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Ojúde Ọba. Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba orí fóònù káàkiri ayé, àwọn tí kò mọ Ìjẹ̀bú rí náà ti ń wo ọdún yìí. Fìlà ni wọ́n ń wò, dígí ojú, ìlẹ̀kẹ̀, bí agbádá ṣe dà lé ẹ̀yìn ẹṣin. Ẹsẹ̀ lèmi ń wò. Àwọn tó ń gẹṣin kọjá wọ̀nyẹn, ilé àwọn balógun ni wọ́n ti wá, ilé Kúkú, ilé Aláúsá àti àwọn yòókù, ẹṣin àti ìbọn sì ti jẹ́ ti ìdílé jagunjagun láti ayé àtijọ́. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀sìn wọn láìsí ìdíwọ́. Ìdúpẹ́ yẹn ló gbòòrò di ọjọ́ tí regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà, àti ẹlẹ́ṣin ń jáde lónìí. Bàtà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tí ìbọn ń dún sí létí lè ta nígbàkigbà, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà tí mo wọlé, ọ̀gá ń fi ọwọ́ méjèèjì ká búùtù kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ kú àbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ wá wo èyí."

Ó ká imú bàtà náà títí ó fi fẹ́ kan ọrùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sóólù la ẹnu. "Gọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n fi lẹ eléyìí," ó wí, ó sì jù ú sí apá kan. Ó mú òmíràn, ó fi èékánná tọ etí rẹ̀ yíká. "Eléyìí ní bèbè. Wọ́n rán bèbè mọ́ ara bàtà, wọ́n wá rán sóólù mọ́ bèbè. Mo lè tú sóólù kúrò kí n má fọwọ́ kan ara rárá."

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Búùtù tí kò ní bèbè, bó ti wù kí awọ rẹ̀ dára tó, bí èèyàn bá ṣí i, ara rẹ̀ náà á fàya. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rán sóólù. Ní ọdún 1858, Lyman Blake ṣe ẹ̀rọ tó ń rán sóólù láti inú bàtà gba ìta. Ó yára, àmọ́ omi a máa tọ ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ní àwọn ọdún 1870 sókè ni ẹ̀rọ tó ń rán bèbè wá gbilẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Charles Goodyear kékeré pè títí dòní. Búùtù sójà tó dára, ìran ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi rán púpọ̀ nínú wọn, ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń ṣa wọ́n jọ nínú òkìríkà ju bàtà tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Búùtù àlòkù tó ní bèbè sàn ju tuntun tí wọ́n lẹ̀ lọ.

Níbi tí ọ̀gá ti ń fa awọ mọ́ ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń ṣe bàtà, mo sọ ìtàn Jan Matzeliger fún un. Paramaribo ní ilẹ̀ Suriname ni wọ́n ti bí Matzeliger ní ọdún 1852, ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Lynn ní Massachusetts, ìlú àwọn aránbàtà. Nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa awọ mọ́ ẹsẹ̀ onígi, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dáadáa kì í ju bí àádọ́ta bàtà lọ lóòjọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1883, Matzeliger gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rọ ọ̀hún sì lè ṣe tó 150 títí dé 700 lóòjọ́. Ọdún mẹ́fà péré ló lò lẹ́yìn náà kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó pa á. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún.

Ọ̀gá dúró, ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Aránbàtà dúdú ló ṣe é?" Ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "O gbọ́ àbí?"

Búùtù tó ní bèbè yẹn ni wọ́n ń tú. Ọmọ iṣẹ́ fi ọ̀bẹ gé òwú yíká, ó fi ẹ̀mú fa ìṣó gìgísẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, sóólù sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo eyín rọ́bà ńláńlá rẹ̀. Nínú ẹrẹ̀, eyín wọ̀nyẹn wúlò púpọ̀. Lórí ẹṣin, ewu ni wọ́n. Ọ̀gá fi irin ìtẹsẹ̀ gàárì kan kọ́ sára ògiri. Ó mú búùtù tí wọn kò tíì tú, ó ti imú rẹ̀ bọ inú irin náà, ó sì fà á padà. Eyín rọ́bà há mọ́ irin.

"Bí ẹṣin bá gbé ọ ṣubú báyìí," ó sọ fún ọmọ iṣẹ́, "ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ. Á máa wọ́ ọ lọ ni."

Ìdí nìyí tí bàtà ẹlẹ́ṣin fi gbọ́dọ̀ ní sóólù tó tẹ́jú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dán. Ó sì gbọ́dọ̀ ní gìgísẹ̀ tó ga tó íǹṣì kan, tí iwájú rẹ̀ gún ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ má baà gba inú irin kọjá sí òdìkejì. Irin ìtẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bàtà lọ pẹ̀lú íǹṣì kan, ààbọ̀ lọ́tùn-ún, ààbọ̀ lósì. Búùtù òṣìṣẹ́ ìkọ́lé tí irin wà ní imú rẹ̀ kì í sábà yege ìdánwò yìí, nítorí imú rẹ̀ tóbi. Ìṣojú mi ni ọ̀gá ṣe dá irú rẹ̀ kan padà fún oníǹkan. Ọmọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀gá kọ̀.

Lábẹ́ sóólù àtijọ́, irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín, níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti kó wọnú. Ọ̀pọ̀ aránbàtà tí kò mọ iṣẹ́ ẹṣin a máa yọ ọ́ dànù kí bàtà lè fúyẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Irin yẹn ni kì í jẹ́ kí sóólù tẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́ṣin bá dìde dúró nínú gàárì láti kí ọba. Wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó wà, wọ́n fi sáńpépà họ ojú bèbè kó lè gba gọ́ọ̀mù, wọ́n kun ojú méjèèjì, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí gọ́ọ̀mù fà títí kò fi ní mọ́ ìka mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó pàdé wọn pọ̀, tí òòlù sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ ní tútù ti fi iṣẹ́ ṣòfò. Lẹ́yìn òòlù ni rírán. Awọ tó le ni wọ́n tò léra, ìpele lé ìpele, fún gìgísẹ̀.

Búùtù sójà kì í sábà ju íǹṣì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ sókè. Ti ẹlẹ́ṣin ní láti dé abẹ́ orúnkún, kí gàárì má baà bó ẹsẹ̀, kí ṣòkòtò má sì ká sókè. Wọn kì í wọn ẹsẹ̀ oníbàtà ní ìdúró nìkan. Ọ̀gá ní kí ọmọ ilé balógun kan jókòó, kó la ẹsẹ̀ bí ẹni wà lórí ẹṣin, kó wọ ṣòkòtò tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wọn ọrùn ẹsẹ̀, ó wọn ẹ̀yìn ojúgun níbi tí ẹran ti pọ̀ jù, ó wọn abẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tọ̀, ti òsì lọ́tọ̀. Ó wá fi íǹṣì kan lé gígùn.

"Bàbá, ó ti ga jù," ni ọmọkùnrin náà wí.

"Yóò wálẹ̀. Bó o bá wọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, awọ á ká ní ọrùn ẹsẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá gé e bó o ṣe fẹ́ ẹ yìí, lọ́jọ́ ọdún á ti kúrú."

Mushin ní Èkó ni wọ́n ti ra awọ tí wọ́n fi ń mú bàtà ga yìí. Kò sí aránbàtà nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, níbi tí awọ, sóólù, gọ́ọ̀mù àti irin bẹ́líìtì ti ń jáde. Kano ni púpọ̀ nínú awọ yẹn sì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ayébáyé ni àwọn Hausa ti ń fi èso igi bàgàrúwà ṣe awọ ewúrẹ́. Àwọn oníràkunmí a gbé e la aṣálẹ̀ já, Òyìnbó a sì rà á ní etí òkun Àríwá Áfíríkà, wọ́n a pè é ní awọ Mòrókò, nígbà tó jẹ́ pé Kano àti Sókótó ló ti wá. Awọ bàgàrúwà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é tán. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà kúrómù ṣe kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, òun ló sì pọ̀ jù lára bàtà ayé òde òní. Ọ̀gá gé etí awọ méjì fún mi kí n wò ó. Inú ọ̀kan pọ́n bí obì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú èkejì ní àwọ̀ búlúù tó ṣá. Ó kán omi sí wọn lára. Ti bàgàrúwà mu ún lójú ẹsẹ̀, ó dúdú. Omi jókòó sórí èkejì. Ó ń lo ti kúrómù fún ọ̀pá bàtà tó ń lọ sí orúnkún, nítorí ó rọ̀, ó sì ń fara da òjò. Ti bàgàrúwà ló fi ń ṣe gìgísẹ̀ àti ọnà, nítorí òun ló ń gba ọ̀bẹ, tí àpẹẹrẹ tí a bá tẹ̀ sí i lára kì í parẹ́.

Owó awọ ti gòkè, ọ̀gá sì mọ ọ̀kan nínú ohun tó fà á. Àwa tí a ń jẹ pọ̀nmọ́ ń bá aránbàtà du awọ màlúù. Mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́ gan-an, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ awọ tí ìbá di bàtà nílé yìí ló ń gba inú ìkòkò lọ, tí a sì ń fi owó òkèèrè ra bàtà padà.

Rírán ni mo fẹ́ràn jù láti wò. Máṣíìnì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ṣe ibi tó rọ̀. Ibi tí ọ̀pá tuntun ti pàdé búùtù àtijọ́, ọwọ́ ni. Ọ̀gá fi ìda ra òwú náílọ́ọ̀nù títí ó fi le, ó ki orí méjèèjì òwú náà bọ abẹ́rẹ́ méjì. Ó fi ìlu lu awọ, abẹ́rẹ́ kan wọlé láti ọ̀tún, èkejì wọlé láti òsì nínú ihò kan náà, ó sì fa méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá já lọ́jọ́ kan, èkejì ṣì dì í mú. Máṣíìnì kò lè ṣe èyí, nítorí òwú tòkè àti tìsàlẹ̀ kàn kọ́ ara wọn ni. Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ rárá ní gbogbo àsìkò yìí. Ọmọ iṣẹ́ náà kò sọ̀rọ̀.

Gbogbo ojú ìrán, ìta ẹsẹ̀ ló fi sí. Inú ẹsẹ̀, níbi tó ń kan ìhà ẹṣin, awọ kan ṣoṣo ni, kò sí oríkèé, kò sí irin. Sípù wà lẹ́yìn, ó fi awọ bò ó kí ẹrẹ̀ má wọ̀ ọ́. Ìgbànú kéékèèké mẹ́ta wà ní ìta, irin wọn kọjú sẹ́yìn. Láàárín gìgísẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀, ó lẹ awọ kékeré kan tó yọ díẹ̀, kí kẹ́sẹ́ lè jókòó lé e. Mo ti rí búùtù tí wọ́n kan ìṣó wúrà yíká lójú agbo Ojúde Ọba. Ó ń tàn yanranyanran, inú ìyà sì ni ẹṣin abẹ́ rẹ̀ wà. Irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kò dára, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ọnà gidi wà tí kì í pa ẹranko lára. Ọ̀gá gé awọ pupa ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi hun etí òkè bàtà. Ó tẹ àpẹẹrẹ sí ara ìgbànú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń mú aṣọ rẹ̀ wá kó fi bá àwọ̀ mu, ibẹ̀ ni ìyọnu sì ti ń wá, nítorí awọ dúdú kì í di funfun. Ènìyàn lè fi sípírítì fọ pọ́líìṣì àtijọ́ kúrò, kó sì pa awọ búráùn láró di dúdú. Òdìkejì kò ṣeé ṣe. Ọ̀dà funfun tí àwọn kan ń kùn lé e, ó máa ń sán ní ọrùn ẹsẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ohun tí ọ̀gá ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ funfun dandan ni pé á fi awọ funfun tuntun bo ti tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí kì í ṣe. Ẹnìkan mú aṣọ àwọ̀ sójà wá, ó ní kó fi ṣe ọ̀pá bàtà. Ọ̀gá dá a padà láìfi àkókò ṣòfò. Òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe sójà wọ aṣọ sójà, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sì kún fún sójà àti ọlọ́pàá lọ́jọ́ ọdún.

Àwọn oníbàárà mìíràn ń wá tí ọ̀rọ̀ wọn kò kan ẹṣin. Àwọn tó ń ṣètò aṣọ fún eré sinimá fẹ́ bàtà jagunjagun ayé àtijọ́ tí òṣèré lè bọ́ sílẹ̀ kíákíá. Fún wọn, kì í tú búùtù rárá. Ìbòsẹ̀ awọ ló ń rán, tí wọ́n á so mọ́ orí bàtà lásán, kámẹ́rà kò sì ní mọ̀. Ti àwọn ọdẹ ló le jù. Ọdẹ kò fẹ́ kí bàtà dán, kò fẹ́ irin tó ń dún. Eyín rọ́bà tí wọ́n ń yọ fún ẹlẹ́ṣin, òun gan-an ló ń fẹ́. Iṣẹ́ tó ń gbé wá ni pé kí ọ̀gá rán ahọ́n bàtà mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé òkè, kí omi àti ìjàlọ má baà ráyè gba ojú okùn wọlé. Iṣẹ́ kékeré ni lójú, ó sì ń gba ọwọ́ púpọ̀, nítorí awọ tí wọ́n fi ń ṣe é gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè ká, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ya.

Òjò ni ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wọn. Ọdún Mùsùlùmí fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ti Òyìnbó lọ, nítorí náà Iléyá a máa sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní ọdún 2010, oṣù Bélú ló bọ́ sí, nígbà tí ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ojúde Ọba ti 2024 bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkúdù, ti 2025 sí ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, àárín òjò gan-an. Bó bá di nǹkan bí ọdún 2035, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò tún wà. Búùtù tí wọ́n ṣe fún eruku ọdún 2010 kò lè gba òjò ìsinsìnyí. Ọ̀gá yọ́ ìda mọ́ òróró díẹ̀, ó fi àkísà ra á sí gbogbo ojú ìrán nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ó tún fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọnú bèbè. Ó ní kí wọ́n má gbé e sí ìdí iná láéláé. Awọ tó tutù tí iná bá rà, á sún kì, á le, kò sì sí òróró tó lè dá a padà. Bí òjò bá pa á, kí wọ́n fi aṣọ tútù nu ẹrẹ̀ àti òógùn ẹṣin kúrò, nítorí iyọ̀ inú òógùn ń jẹ awọ, kí wọ́n ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e síbi atẹ́gùn lábẹ́ òjìji.

Ọmọ ilé balógun padà wá wọ ti rẹ̀ wò. Ó dìde, ó rìn, ó tẹ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀gá ní kó ti ẹsẹ̀ bọ irin ìtẹsẹ̀ ara ògiri. Ó wọlé. Ó ní kó fà á yọ láìwo ìsàlẹ̀. Ó yọ. Wọ́n tún un ṣe, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, títí ọ̀gá fi gbà pé ó tó. Ìgbà yẹn ló tó sọ iye owó tó kù tí wọn yóò san.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun ẹṣin lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ẹ gbé búùtù yín lọ bá aránbàtà ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò tí ẹ ó wọ̀ lọ́jọ́ náà lọ, ẹ mú irin ìtẹsẹ̀ gàárì yín dání kó fi wọn bàtà. Bí ẹsẹ̀ bá há nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wọ̀ ọ́ gun ẹṣin.